Ojú Ìwé Mẹ́tàdínlógún, Ó Ṣì Ń Kí Àna

Odidi ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ mi ní yunifásítì bí a ṣe ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìtàn àròsọ tí ẹlòmíràn kọ, kò sì sí olùkọ́ kan ṣoṣo tó kọ́ mi bí a ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń fi taipuráítà tẹ̀wé fún ará ìlú ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti gba ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, èmi kọ́ ló sì ń bá wí. Tíṣà kan tó ṣíwájú mi lórí ìlà, tó gbé ìtàn àròsọ tó fọwọ́ kọ wá fún títẹ̀, ni.

"Tíṣà, mi ò tẹ eléyìí mọ́ o."

"Kí ló dé, Àǹtí? Ṣé ọwọ́ ìkọ̀wé mi ò hàn ni?"

"Ó hàn. Ojú ìwé mẹ́tàdínlógún rèé, ọkùnrin yìí ṣì ń kí àwọn àna rẹ̀. Ó kí bàbá, ó kí ìyá, ó wá kan ẹni tó ń rin ewùrà lẹ́yìnkùlé."

"Ọmọlúàbí ni mo fẹ́ kó jẹ́."

"Ọmọlúàbí náà a máa jókòó! Kí ló tiẹ̀ wá ṣe níbẹ̀?"

Tíṣà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó rẹ̀ ló kó ẹrù lọ. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó padà wálé."

"Háà! Ìyàwó ti kó lọ, ẹ wá ń kí ẹni tó ń rin ewùrà! Ẹ jẹ́ kó wọlé, kó sọ̀rọ̀."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí, Àǹtí."

Kó wọlé, kó sọ̀rọ̀. Mo rọra ki ìwé tèmi bọ àpò. Olú ẹ̀dá-ìtàn tèmi ti dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba láti orí kejì. Orí karùn-ún la wà yìí, kò tíì dìde.

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ bu òǹtẹ̀ lu ìwé ẹ̀rí mi, ẹ dá mi lóhùn: ṣé ẹ kò mọ̀ ni, àbí ẹ mọ̀, ẹ kò sọ?