Orúkọ Mi Lára Ọkọ̀ Apẹja

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀! Ẹ má ní kí n fara balẹ̀, àbí ẹ̀yin ni wọ́n fojú di níwájú àwọn àlejò iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ láti Manila? Èmi Teresing, tí mo ti ń kọ́ ọmọ níwèé ní abúlé yìí kí Ludivina tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú!

Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, èmi àti òun, èyí tó bá dáa kó máa lọ, èyí tí kò dáa kí wọ́n pa á tì. Mo kun ògiri, mo so òdòdó, mo kọ́ àwọn ọmọ lórin, mo jí ní ìdájí yan bibingka, àkàrà ìrẹsì wa. Ọ̀gá wọn jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka, ó ní, “Màdáámù, ó dùn o.” Ó parí! Ṣé oúnjẹ ló wá jẹ ni?

Ló bá kọrí sí etíkun lọ́dọ̀ Ludivina. Ṣé kíláàsì nìyẹn? Obìnrin tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ kiri láàárín ọkọ̀ apẹja, orúkọ tí wọ́n kùn sára ọkọ̀ ló ń kọ́ wọn kà! Òun ni ọ̀gá wá jókòó tì lórí iyanrìn, tó ń mi orí bí alángbá. Ara mi gbóná!

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí. Isay ni. Isay ọmọ mi, tó máa ń ké gbẹ̀ẹ́ tí mo bá ti ṣí ìwé, tí mo nà, tí mo bẹ̀, tí mo fi súìtì tàn títí tí mo fi jù ú fún Ludivina! Ọ̀gá nawọ́ sí ọkọ̀ bàbá Isay, èyí tó fi orúkọ mi sọ. Ọmọ náà là á mọ́lẹ̀: “Te-re-sing.” Orúkọ èmi tí mo rọbí ẹ̀! Ludivina ni wọ́n wá ń pàtẹ́wọ́ fún!

Mo pariwo pé irọ́ ni, ó mọ̀ ọ́n sórí ni! Ẹnu mi ló kó bá mi. Ọ̀gá nawọ́ sí ọkọ̀ àjèjì kan tó sá ìjì wọlé, Isay tún kà á: “Milagrosa.”

Wọ́n wá ní lọ́la kí èmi, ìyá Isay, wá sọ bóyá kí kíláàsì etíkun máa lọ. Tí mo bá ní rárá, ó ti tán nìyẹn. Ẹ wo bí “rárá” yẹn ṣe ń dùn lẹ́nu mi! Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ọmọ yẹn dúró ti àpò ìrẹsì, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ fún mi, mi ò sì ní kó kà á.

Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Màá ní ó dáa, mo ti gbà! Ṣùgbọ́n mo fi Màríà Wúńdíá búra, Ludivina kò tún ní fẹnu kan bibingka mi láyé!