Kòkòrò Ń Ṣe Sàráà

Níbi tá a tò sí láti gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù kan n'Ílọrin, láyé ìjọba sójà, bàbá kan na ẹsẹ̀ elégbò rẹ̀ síwájú, ìyàwó rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀.

"Alhaji, dókítà ní abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn ò lè pa kòkòrò ẹsẹ̀ yín mọ́. Ó ní nǹkan kan wà lára wọn tó ń ba abẹ́rẹ́ jẹ́."

"Ta ló fún wọn?"

"Kòkòrò mìíràn ni. Èyí tó bá ní in á fún èyí tí ò ní, bí wọn ò tiẹ̀ jọ jẹ́ ìran kan náà."

"Lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Lọ́fẹ̀ẹ́! Kòkòrò ń ṣe sàráà, Alhaji! Ẹ̀yin tí àgbò kún ẹ̀yìnkùlé yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká pa ọ̀kan, ká pín in fáwọn aládùúgbò, bóyá Ọlọ́run á gbọ́ tiwa náà."

Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí, ó mí kanlẹ̀.

"Lọ bi dókítà bóyá wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà."