Àwòrán Dúdú Ọjọ́ Tí Iná Lọ

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e. Ìpàtẹ́wọ́ ń lọ lẹ́yìn.]

ILANGO: Haló, Thenmozhi Akka, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n —

THENMOZHI: Káàárọ̀, Ilango. Màmá ńkọ́?

ILANGO: Wọ́n wà dáadáa. Akka, inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ni mo wà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ —

THENMOZHI: Ṣé o ti jẹun?

ILANGO: Mo jẹ ìdílì, oúnjẹ ìrẹsì wa yẹn. Akka, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń pe èèyàn torí ìdílì.

THENMOZHI: Ooru Chennai yìí ni mo rò. Kì í jẹ́ kóúnjẹ wọlé. A.C. yàrá ìwádìí yín ńkọ́? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

ILANGO: Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an.

THENMOZHI: Lónìí nìyẹn. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ńkọ́?

ILANGO: Haló? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ ń já, Akka.

THENMOZHI: Mi ò já. Mo ń gbọ́ ẹni tó ń pín kọfí lẹ́yìn rẹ, ó ń bèèrè ṣúgà. Ta ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?

ILANGO: Èmi ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣọ́ọ̀lù sílíìkì bò mí léjìká. Ẹ̀rọ ọkàn tí a fẹ́ máa gbé sáyà àwọn aláìsàn ti yege ìdánwò. Bó bá wù yín, ẹ kí mi kú oríire.

THENMOZHI: Ṣọ́ọ̀lù nínú ooru yìí. Kú oríire. Ojú ló yẹ kí wọ́n fi bò fún ọ.

ILANGO: Ẹnu yín yìí náà ló lé yín kúrò níbi iṣẹ́.

THENMOZHI: Òun náà ni. Mo ní iná ń jò ní igun òsì ẹ̀rọ yẹn, mo fi hàn wọ́n, ó ń tàn yòò lójú gbogbo wọn. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo wá rí àwòrán tuntun tí ẹ gbé jáde. Dúdú bí ìdí ìkòkò.

ILANGO: Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. A da kírísítà olómi lé ẹ̀rọ náà lórí, a fi maikirosikóòpù wò ó. Ibi tí iná bá ti ń jò, kírísítà á yíra padà, ibẹ̀ á tàn. Ibi tí kò bá jò, á dúdú. Tiwa dúdú láti igun dé igun. Ọ̀rọ̀ parí.

THENMOZHI: Bí ooru bá wá mú kírísítà ńkọ́?

[Ìró ṣíbí nínú ife kọfí.]

THENMOZHI: Ilango, ṣé o gbọ́ mi?

ILANGO: Network ibí yìí ò —

THENMOZHI: Bí ooru bá mú un, á yọ́ bí bọ́tà. Á di omi lásán, omi lásán ò sì mọ iná. Bí àrá bá sán lù ú, dúdú náà ló máa wà. Òkú kì í jẹ́ ìpè.

ILANGO: Yàrá wa ò gbóná tó bẹ́ẹ̀.

THENMOZHI: Ìwọ lo pè mí lọ́jọ́bọ̀, tí ò ń ráhùn. O ní wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbé maikirosikóòpù, kò gbé A.C., ẹ ń làágùn bí ẹni tó ń fọ́ òkúta. Ọjọ́ náà lẹ ya àwòrán.

ILANGO: Wọ́n lé yín, ẹ wá fẹ́ ba tèmi náà jẹ́.

THENMOZHI: Ó dáa. Dá mi lóhùn ẹyọ kan péré. Ṣé ẹ fi bátìrì kàn án?

ILANGO: Akka —

THENMOZHI: Bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Èyí tí Sà Arangannal fi kọ́ gbogbo wa. Ká kọ́kọ́ fi kan etí kírísítà náà, ká rí i kó tàn, ká mọ̀ pé kírísítà wà láàyè. Lẹ́yìn náà la tó lè gba òkùnkùn rẹ̀ gbọ́. Èèyàn á gbàgbé àtiwẹ̀ kó tó gbàgbé ìyẹn.

ILANGO: Ọ̀gá dúró lé wa lórí. Àwọn olówó ti wọ bàálù láti Mumbai. Mo ní ká dúró kí iná dé. Ọ̀gá ní àwòrán dúdú lòun ń wá, ó ti dúdú, kí ni mo tún ń wá?

THENMOZHI: O wá buwọ́ lù ú.

ILANGO: Mo níyàwó. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé. Ẹ̀yin, kí lẹ ní tẹ́ ẹ máa pàdánù?

THENMOZHI: Òótọ́ lo sọ. Ẹni tó ní nǹkan ló ń gbé ohun tó ń jò sáyà ẹlòmíì. Ṣé o mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé e sí láyà lónìí?

ILANGO: Mi ò kì í mọ orúkọ wọn. Àpótí ẹ̀rọ kan ti lọ sí ilé ìwòsàn ní Madurai, ìkan wà ní —

THENMOZHI: Sà ni.

ILANGO: Sà wo?

THENMOZHI: Sà wa. Ọkàn rẹ̀ ń lù, ó ń gbàgbé àtilù. Ọ̀sán yìí ni wọ́n máa gbé e wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ̀. Ó ní Ilango ló buwọ́ lù ú, Ilango ò lè fo bátìrì. Ó ní ẹnu rẹ lòun máa ti gbọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ń wọlé.

ILANGO: Akka, please. Ọ̀gá ń wò mí.

THENMOZHI: Rọra sọ ọ́ nígbà náà.

[Bàtà ń dún lórí táìlì. Ilẹ̀kùn tì. Ariwo gbọ̀ngàn rọlẹ̀.]

ILANGO: A ò fi bátìrì kàn án. Kírísítà ti yọ́. Mo mọ̀, mo sì buwọ́ lù ú. Ẹ sọ fún Sà kí wọ́n má gbà á. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Akka? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ARANGANNAL: Mo gbọ́ ọ.

ILANGO: ... Sà?

ARANGANNAL: Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Thenmozhi gbé fóònù lé mi láyà. Láti orí ìdílì ni mo ti ń gbọ́.

ILANGO: Sà, ẹ forí jì mí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n —

ARANGANNAL: Wọn ò ní gbé e sí mi láyà mọ́. Nọ́ọ̀sì ti gbọ́ ohun tí o sọ. Èmi rí Thenmozhi tó pè ọ́. Àwọn ti Madurai, ta ló máa bá wọn pè ọ́?

ILANGO: Sà, ọ̀rọ̀ yẹn —

ARANGANNAL: Padà wọ gbọ̀ngàn. Makirofóònù ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí o sọ fún mi, lọ sọ ọ́ fún wọn.

[Ilẹ̀kùn ṣí. Ìpàtẹ́wọ́ tún dé.]

ILANGO: Sà, ẹ ń já. Mi ò gbọ́ —

THENMOZHI: Ilango, mo ń gbọ́ ẹni tó ń pín kọfí.

ILANGO: Network ni, Akka, ó ń —

ARANGANNAL: Bọ́ ṣọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ohùn ẹni tó ń pín kọfí lẹ́yìn: "Ọ̀gá, ṣúgà ńkọ́?"]

ARANGANNAL: Ilango. Ṣé o gbọ́ mi?

ILANGO: [ohùn rẹ̀ jìnnà sí fóònù] Fi ṣúgà sí i.

[Ìpè já.]