Ohun Tí Mo Pariwo Mọ́ Baba Quiroga Lọ́jọ́ Tí Ilẹ̀ Mì

Alága ìjókòó wa, Ọ̀gbẹ́ni Tsukuda, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé àlejò yìí, mo kí yín. Ìyá wa àgbà, ìyá tó bí Ọ̀gbẹ́ni Tsukuda, mo foríbalẹ̀ níwájú yín. Ẹ̀yin àgbà àdúgbò, mo kí yín. Arábìnrin Milagros Quiroga, tẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Peru wá sí Matsuyama nítorí tèmi, ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Òní ni mo ń fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ níbí, n kò sì tíì bẹ̀rù èèyàn tó bí mo ṣe ń bẹ̀rù yín lọ́sàn-án yìí.

Alága ní kò sẹ́ni tó mọ àlejò í kọ́ bíi tèmi. Òótọ́ ni. Ta ló ń kọ́ àwọn ará òkè òkun pé kí wọ́n wẹ̀ mọ́ tónítóní kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná? Ta ló ń kọ́ wọn pé a kì í pariwo sórí fóònù nínú ọkọ̀ ojú irin? Èmi Tomoe ni. Bàtà ńkọ́? Háà! Mo mọ̀ pé "Ìyá Bàtà" lẹ ń pè mí ní kíṣìnnì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ṣé ẹ rò pé mo dití ni? Ẹni tó bá fi bàtà tẹ ẹní tí a tẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ ilé yìí, ọba ni ì báà jẹ́, màá lé e padà sẹ́nu ọ̀nà.

Nagisa, ìwọ lo máa gba ipò mi. Ìwọ náà lo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi sétí Arábìnrin Milagros báyìí. Ọwọ́ rẹ mọ́, ẹnu rẹ tutù, mo sì fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, má bá mi bu omi là á. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi gẹ́lẹ́ ni kó o sọ ọ́.

Gbogbo yín lẹ rántí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún méje sẹ́yìn. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé mo gba àlejò mọ́kànlá là. Ìlú fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ. Ẹ wá gbọ́ èyí tí wọn kò kọ. Baba Quiroga, àlejò wa, bàbá Arábìnrin Milagros, ṣẹ̀ṣẹ̀ so okùn bàtà wọn tán lẹ́nu ọ̀nà ni, ni ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Amọ̀ tí a fi bo òrùlé ń já lulẹ̀ níta. Mo ké sí gbogbo èèyàn pé kí wọ́n sá wá sábẹ́ tábìlì nínú yàrá ìjẹun yìí. Baba sá wọlé. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti wà lórí ẹní, ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé ń mì, àwo ń fọ́, ẹsẹ̀ ni mo ń wò! Mo lọgun: "Bàtà! Baba, bàtà yín!"

Wọ́n gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Wọ́n padà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń tú okùn. Àpótí bàtà gíga tó wà níbẹ̀ wó lù wọ́n.

Inokuma, alásè wa, gbọ́ igbe mi. Ó fà mí wọ kíṣìnnì, ó ní, "Tomoe, panu mọ́. Ariwo pọ̀, kò sẹ́lòmíì tó gbọ́."

Mo ní, "Èmi ni mo pa wọ́n."

Ó ní, "Ilẹ̀ ló pa wọ́n. Lọ bọ́jú rẹ, jọ̀ọ́."

Mo lọ bọ́jú. Inokuma, gbórí sókè, n kò bá ọ wí. Èmi ni mo fọwọ́ méjèèjì gba ìwé ẹ̀yẹ.

Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ ńlá bá kọjá tí fèrèsé bá gbọ̀n pẹ́rẹ́, àyà mi á já. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ilẹ̀ bá tún mì, ohun tí màá tún pariwo náà nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ńkọ́, Nagisa? Ìkìlọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ dún lórí fóònù gbogbo wa, obìnrin ará Faransé kan sá wọlé láti inú ọgbà. Kí lo kọ́kọ́ sọ fún un? "Bàtà!" lo ní. Ohùn mi gan-an ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lónìí. Bí ilẹ̀ bá mì, jẹ́ kí wọ́n fi ẹrẹ̀ ba gbogbo ẹní jẹ́!

Ẹ̀yin tí mo ń fi sílẹ̀, kí ilẹ̀ ìlú yìí dúró jẹ́ẹ́ fún yín. Kí àlejò tó bá dé ọwọ́ yín padà sílé láàyè. Kí ẹnikẹ́ni má gba ìyìn tí kò ní jẹ́ kó sùn.

Arábìnrin Milagros, n kò sọ pé kẹ́ ẹ dárí jì mí. Lọ́dọọdún lẹ ń kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí mi pé mo di ọwọ́ bàbá yín mú títí wọ́n fi dákẹ́. Lọ́dọọdún lẹ ń béèrè ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn, tí mo ń dá yín lóhùn pé orúkọ yín ni wọ́n pè. Irọ́ ni. Nagisa, má bu omi là á o. Máa túmọ̀ lọ. Lábẹ́ àpótí yẹn, wọ́n wo ibi tí bàtà wọn ti dọ̀tí ẹní, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wá fi èdè wa tí mo kọ́ wọn sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Èmi ni bàbá yín ń bẹ̀.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbọ́ mi dópin. Ẹ ṣé o.