Àtàǹpàkò Mi Ló Wà Nínú Fáìlì Ìyá Rùkáyàt

Tèmítáyọ̀, olótùú ìwé ìròyìn ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn, ní kí n kọ ojú ewé méjì nípa bí mo ṣe rí ìrírí iṣẹ́ nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì. Ó ní kí n fi ṣe kóríyá fún yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dúró níwájú yín parọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tí mo ṣe ní Ejinrin lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ, màá sì sọ ọ́ tán, nítorí inú ara mi ń bí mi.

Ìkòròdú ni wọ́n ti tọ́ èmi Ẹwàolúwa, nínú yàrá kan tí àwọn òbí mi háyà nígbà tí wọ́n kó wá láti Ìkìrun. Nígbà tí mo wà lọ́dún kẹta, gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti rí ibi tí wọ́n máa ti ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ olóṣù mẹ́fà. Èmi tó ń kọ́ Ìtàn nìkan ni mò ń gbé lẹ́tà kiri. Ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike, ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì ka lẹ́tà mi, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ìtàn? Àǹtí, a ò ta ìtàn níbí o." Bàbá mi tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe náà bi mí pé, "Ẹwà, tó o bá parí, kí ni wọ́n máa ní kó o wá bá àwọn tún ṣe?" Mo kó lẹ́tà mi, mo fìbínú jáde. Ìbínú yẹn ni mo gbé dé Ẹ̀pẹ́. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wáṣẹ́ tí wọn ò purọ́ mọ́ arúgbó.

Ọ́fíìsì aládàáni kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́ ló gbà mí fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n fẹ́ kọ́ èbúté tuntun sí Ejinrin, iṣẹ́ wa sì ni láti kọ ìtàn àwọn ìdílé tó ń lo etí omi sílẹ̀. Ìdílé tó bá ti ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ máa rí àyè nínú èbúté tuntun. Èyí tó bá jẹ́ àlejò máa kó kúrò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ọ̀gá Adéòjó tó jẹ́ olórí wa kọ́ mi ní ìlànà kan: tó o bá kọ ọ̀rọ̀ àgbà tán, padà lọ kà á sí i létí láti òkè dé ilẹ̀, kó tó tẹ̀ka sí i.

Ìyá Rùkáyàt ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà náà. Ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja létí omi ni mo bá a. Ó ka orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀ fún mi, ìran méje, kò kọsẹ̀ rárá, ó sì ń to igi sábẹ́ ẹja lọ. Nígbà tó kan bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gúnlẹ̀, ó fi igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Èyí tó kù, ọmọ mi, mi ò lè dá a sọ. Apá kan wà lọ́wọ́ mi, apá kan wà lọ́wọ́ Ìdrís àbúrò mi. Bí bàbá wa ṣe pín in fún wa nìyẹn, kí ẹnì kan má bàa lè dá a tà. Padà wá lọ́jọ́ ọjà, ó máa ti Ẹ̀pẹ́ wá."

Mi ò padà lọ. Ọ̀gá Adéòjó ní ó ku ọ̀la kí fáìlì lọ, ọjọ́ ọjà sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo bi í bóyá kí n kọ ọ́ pé kò tíì parí. Ó ní, "Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ yín ní History? Wá nǹkan ṣe sí i." Kò ní kí n purọ́, kò sì béèrè ohun tí mo ṣe. Mo jókòó ní ọ̀sán gangan, mo ṣí fáìlì ìdílé tó múlé tì wọ́n. Wọ́n ti sọ níbẹ̀ pé àlejò àwọn ni ará ilé Ìyá Rùkáyàt. Àwọn olùkọ́ wa sì ti kọ́ wa pé tí ẹnu méjì bá sọ ohun kan náà, ìtàn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ aládùúgbò sí ìyá lẹ́nu, kí ẹnu méjì lè bára mu. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn nìkan ló lè ya irú òmùgọ̀ yẹn. Mo ki àtàǹpàkò òsì mi bọ tàdáwà, mo sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé. Ọ̀gá gbé fáìlì náà sókè níwájú gbogbo ọ́fíìsì, ó ní, "Ẹ wo bí fáìlì ṣe ń rí." Ó kọ lẹ́tà ìyìn fún mi. Lẹ́tà yẹn ló gbà mí síṣẹ́ tí ẹ̀ ń torí ẹ̀ pè mí wá bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ lè rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Nígbà tí orúkọ àwọn tó máa kó kúrò jáde, Rùkáyàt mú ìyá rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. "Ìyá mi ò sọ pé àlejò ni wá. Ìyá mi ò tẹ̀ka síbì kankan." Ọ̀gá Adéòjó yíjú sí mi: "Ẹwàolúwa, ṣé wọ́n tẹ̀ ẹ́ àbí wọn ò tẹ̀ ẹ́?" Mo lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí IT mi parí. Mo ní, "Wọ́n tẹ̀ ẹ́, sà. Màmá ti gbàgbé ni, ọjọ́ orí ti dé." Ìyá yẹn wo àtàǹpàkò rẹ̀, ó wò mí. "Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́?" Mo wo ojú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ìṣojú mi lẹ ti tẹ̀ ẹ́." Ó ní, "Ó dáa. Á jẹ́ pé mo ti gbàgbé." Mo ja obìnrin tó mọ ìran méje lórí lólè ọpọlọ rẹ̀, kí wọ́n lè buwọ́ lu ìwé IT mi.

Lóṣù méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú yín dìde, ó bi mí bí mo ṣe ń rí i dájú pé ohun tí àgbà sọ ni mo kọ. Mo fèsì pé, "Ẹ máa padà lọ kà á sí wọn létí." Ẹ pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Ẹ̀pẹ́ yẹn, mo sì fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa tún fáìlì náà yẹ̀ wò tí a bá lè mú ìtàn tòótọ́ wá. Ìdrís, àbúrò ìyá, ti kú lọ́dún tó kọjá, apá tirẹ̀ sì bá a lọ. Ó ku apá ti ìyá.

Mo gba Ejinrin lọ, sí yàrá tí wọ́n kó lọ nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò létí omi. Rùkáyàt gbọ́ mi tán, ó ní, "Látọjọ́ yẹn, tí ọmọdé bá bi ìyá mi ní nǹkan, wọ́n á ní kó lọ bi ẹlòmíì. Ṣé ìwọ lo ṣe é?" Ó tutọ́ sílẹ̀ níwájú mi, mi ò dá a lẹ́bi. Mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá. Mo ní, "Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan mà. Èmi ni mo tẹ̀ka. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ apá tiyín fún mi." Ó fọwọ́ pa mí lórí. Ó ní, "Má torí mi purọ́, ọmọ mi. Kò sí nínú orí mi mọ́. Lọ wo ohun tí mo sọ nínú ìwé yẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wá ibi tí ẹ máa ti kọ́ṣẹ́, ẹ kọ ọ́ síwèé pé kò tíì parí, kí wọ́n sì lé yín lọ sílé. Ẹ má bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá. Ó ti ṣàdúrà fún mi kí n tó dìde, nítorí kò gbà pé mo ṣe nǹkan kan.