Àgò Màámi Ni Mo Fi Sẹ́nu Iwin

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti gbé e pamọ́ sínú. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún ààfáà wa. Ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ mẹ́rin tí àgbà obìnrin tí mo ṣẹ̀ yóò kúrò ní Èkó, mo sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí màá ṣe kí wọ́n tó lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n. Ìyá Sàlìú ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, Màámi ni èmi ń pè wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá tó bí mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, Màámi ló wá mú mi wá sí Agége. Pọ̀nmọ́ ni wọ́n ń tà ní Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, òun náà ni wọ́n fi tọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, màlúù kan já okùn níbẹ̀, ó gbá wọn mọ́ ògiri. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀ tí wọ́n bá ń rìn.

Màámi kì í já wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á dúró níta, wọ́n á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á wá fi ohùn kékeré sọ pé, "Àgò o." Tí ẹni tó wà nínú ilé kò bá dáhùn pé "Àgò yà," wọn kò ní wọlé. Wọ́n ní ènìyàn lè wà níhòòhò, tọkọtaya lè máa jà, ẹnì kan lè máa sunkún tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Nínú ilé olójúlé mẹ́wàá tí à ń gbé, níbi tí oníkálukú ń já wọ yàrá ara wọn bí ewúrẹ́, Màámi nìkan ló ń kágò. Ìwà wọn yìí ni mo jí lọ tà.

Bisikíìtì ni mò ń dì sínú páálí tẹ́lẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Nígbà tí wọ́n dá wa dúró, mo padà sídìí iṣẹ́ aránṣọ tí mo kọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti mú mi lọ bá àwọn kan tí wọ́n ní ọ́fíìsì ní Opebi. Eré orí tẹlifíṣàn ni wọ́n ń ṣe, nípa àwọn abàmì nǹkan tó ń yọ sí ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí lórúkọ eré náà. Wọ́n ní kí n rán aṣọ iwin kan fún wọn, mo sì rán an. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ń ké ramúramù bíi kìnnìún, ó ń fò sókè, ó ń yanu kiri.

Àwọn òǹwòran fi rẹ́rìn-ín. Ní ìparí eré, wọ́n máa ń gbé èrò àwọn òǹwòran sáfẹ́fẹ́, ohùn tí àwọn ènìyàn gbà sórí fóònù wọn tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ọkùnrin kan ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé iwin lẹ pe èyí ni àbí ewúrẹ́ tó ń rọbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú un so, ká ráyè jẹun." Inú bí ọkùnrin tó ń wọ aṣọ náà, kò wá mọ́. Aṣọ ọ̀hún sì gùn, kò bá ẹlòmíì mu. Èmi nìkan ni mo ga tó o. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní òpó iná.

Olùdarí ní kí n ṣáà ṣe ohun tí yóò ba ènìyàn lẹ́rù nínú ilé ara rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́. Wọ́n fi aṣọ dúdú dí fèrèsé. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ooru ń mú mi, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ni ara mi bá ṣe é fúnra rẹ̀. Mo wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Àgò o."

Ọmọbìnrin tó ń ṣeré nínú yàrá gbàgbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, ẹkún gidi ló bú sí. Olùdarí bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Mo ní ó kàn sọ sí mi lọ́kàn ni.

Wọ́n sọ iwin náà ní Awúkọ́. Nínú eré, ẹni tó bá dáhùn pé "Àgò yà" ti gba ikú wọlé. Láàárín oṣù díẹ̀, kò síbi tí n kò ti gbọ́ ikọ́ yẹn. Níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù n'Ìkẹjà, àwọn kan ń fi pe ara wọn láti ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù. Èrò àwọn òǹwòran ń rọ́ wọlé. Obìnrin kan ní, "Tó bá ń pariwo, mi ò bá ti lé e. Ṣùgbọ́n ó ń kí mi bí ọmọlúàbí! Tí mi ò bá dáhùn, mo ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Tí mo bá dáhùn, mo kú." Mo gbọ́ ọ, inú mi sì dùn. N kò ní purọ́ fún yín mọ́, inú mi dùn gan-an.

Nínú ilé wa, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jẹ́. Màámi á wúkọ́, àwọn ọmọ á sá, Màámi náà á rẹ́rìn-ín. Wọn kì í wo eré náà, wọ́n rò pé eré ọmọdé ni. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún aboyún kan tó ń gbé lójúlé kejì sí wa, tíṣà ará Èkìtì. Wọ́n wúkọ́, wọ́n kágò. Obìnrin náà fò dìde láti ojú oorun, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn sá, ó ṣubú, ẹnu rẹ̀ là. Ọlọ́run ló kó ọmọ inú rẹ̀ yọ.

Bàbá onílé pe ìpàdé. Kò sẹ́ni tó rò pé eré ló fara wé Màámi. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn eléré lójú tó ń rí, pé wọn kò lè mọ ìrìn iwin láìjẹ́ pé wọ́n ti rí iwin. Tí ìrìn ọ̀hún bá wá jọ ti ìyá kan, kí ìyá náà ṣàlàyé ara rẹ̀. Bàbá onílé ní, "Ìyá Sàlìú, ẹ má bínú o, a ò pè yín ní nǹkan kan. Ẹ ṣáà má dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni mọ́."

Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ, pé èmi ni mo wà nínú aṣọ yẹn. Gbogbo ilé mọ̀ pé mò ń ránṣọ fún àwọn eléré, wọn kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìka ọwọ́ mi ni mò ń wò títí ìpàdé fi tú. Ẹ̀rù iṣẹ́ mi ń bà mí, torí a ti fọwọ́ síwèé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń ṣe Awúkọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo fẹ́ràn kí ènìyàn máa bẹ̀rù mi. Kò sẹ́ni tó kà mí sí nǹkan kan rí.

Ọ̀rọ̀ náà dé Oko Ọba. Àwọn oníbàárà ń gba iwájú àtẹ Màámi kọjá lọ sí ti ẹlòmíì.

Nígbà tí apá kìíní eré náà parí, wọ́n dáná sun Awúkọ́. Wọ́n wá ní kí àwọn òǹwòran sọ bóyá kó padà wá. Èrò pín sí méjì. Àwọn kan ní láìsí i, eré kò níyọ̀. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n jẹ́ kó kú o, pé ìyá òun ti ń gbá ilẹ̀kùn òun bí ọlọ́pàá báyìí, torí pé kò fẹ́ kágò mọ́. Màámi gbọ́ pé wọ́n ń gba èrò. Wọ́n wá bá mi, wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ̀ wọ́n. Bá mi gba tèmi náà síbẹ̀."

Mo gbé fóònù sí wọn lẹ́nu. Báyìí ni wọ́n wí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni Ìyá Sàlìú, mò ń ta pọ̀nmọ́ l'Oko Ọba. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣeré yín, iṣẹ́ yín ni, Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Ọ̀rọ̀ iwin yín yẹn ni. Ẹ jẹ́ kó máa já wọlé bí àwọn iwin yòókù. Ẹni tó fẹ́ pani kì í kágò. Ẹni tó kágò, ohun tó ń wí ni pé ilé rẹ ni, tó o bá ní kí n padà, màá padà. Ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi."

Wọ́n bi mí pé, "Ó ti lọ?"

Mo ní, "Ó ti lọ, Màámi."

Kò lọ síbì kankan. Ó wà lórí fóònù mi títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ló burú jù. Mo yí ohùn padà, mo fi èrò mẹ́ta ránṣẹ́ pé kí Awúkọ́ padà. Ẹ̀kẹta, mo ṣe bí ìyá arúgbó. Mo ní, "Èmi àgbà yìí fẹ́ràn Awúkọ́ o. Ó ń rán wa létí ìwà àtijọ́. Ẹ dá a padà fún wa." Èyí ni wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni Màámi jókòó sí lọ́jọ́ náà, wọ́n ń dúró kí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn.

Wọ́n gbọ́ tèmi dípò rẹ̀. Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Àgbà ẹgbẹ́ mi nìyẹn. Tí kò bá dun òun, á jẹ́ pé èmi ni mò ń ṣàṣejù."

Láti ọjọ́ náà ni Màámi kò ti kágò mọ́. Awúkọ́ padà, àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́, èmi ṣì ń wọ aṣọ náà. Tí Màámi bá nílò mi, wọ́n á kàn dúró síta láìsọ̀rọ̀, títí màá fi ṣèèṣì jáde. Mo ti bá wọn níbẹ̀ rí pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ tó ti tutù lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará ilé wá sọ pé ìdúró jẹ́ẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló fi hàn pé nǹkan wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, n kì í sùn.

Láàárọ̀ àná, Màámi pè mí sí yàrá wọn. Wọ́n ti di ẹrù. Wọ́n ní Sàlìú ọmọ àwọn ti tún yàrá kan ṣe fún àwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọjọ́ Àìkú ni àwọn ń lọ. Mo rò pé wọ́n ti gbọ́.

Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ní gbogbo ilé yìí, ìwọ nìkan lo bá mi gbé ọ̀rọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Pé wọn ò gbà, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ṣàdúrà pé bí mo ṣe ṣe sí àwọn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ọmọ mi ṣe sí mi.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ kí n jẹ́wọ́, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n tọ́ ló ba orúkọ wọn jẹ́? Tàbí kí n jẹ́ kí wọ́n lọ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹnì kan ṣoore fún wọn ní Agége? Ohùn wọn ńkọ́, ṣé kí n fi ránṣẹ́ báyìí, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn kó tó di Ọjọ́ Àìkú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, mo sì ti ṣe àmín sí àdúrà yẹn.