Kásẹ́ẹ̀tì Tó Ń Wá Èsì Ìdánwò

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Fìdítì lọ sí Ìbàdàn ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ìyá àgbàlagbà kan àti ọkùnrin kan tó de táì mọ́rùn nínú ooru, tó ní kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ òun ní ọ́fíìsì ìdánwò.

"Màmá, inú kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà la kó gbogbo èsì ìdánwò pamọ́ sí. Atọ́ka kan ló máa ń sọ ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà, kásẹ́ẹ̀tì á sì sáré lọ síbẹ̀ kíá."

"Àgbàdo tí a gbìn nígbà ìdánwò ti tán lóko, ẹ ò tíì rí ti ọmọ mi. Ọ̀la sì ni yunifásítì máa gba èsì kẹ́yìn."

"Inú kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ ni atọ́ka náà wà, mà. A ní láti ka kásẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí iná bá lọ, a ó tún un bẹ̀rẹ̀ ni."

"Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sínú yàrá, ẹ wá ti yàrá pa."

Ẹni tó jókòó tì mí fọwọ́ kan àpò ara rẹ̀, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí dẹ́rẹ́bà já òun sílẹ̀ níwájú.

"O ò sọ̀ níbì kankan. Ọ́fíìsì yín náà ni mò ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni n ó jókòó sí títí orúkọ ọmọ mi á fi jáde. Bí iná bá lọ, a ó jọ wà nínú òkùnkùn ni."